Ọmọ Tí Kò Kúnlẹ̀ fún Tíṣà Sátidé

Ìrágbìjí,
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kejì, ọdún 2009.

Akínfẹ́nwá ọmọ mi,

"Láti ọjọ́ tí a ti dá ẹgbẹ́ yìí sílẹ̀ ní Port Harcourt, kò tíì sí ọmọ Yorùbá kan ṣoṣo tí ìdààmú ọkàn bá. Kò sí nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ẹni tí ó bá ní àṣà kì í ní àìsàn ọkàn." Báyìí ni Olóyè Adébánjọ, alága ẹgbẹ́ yín, wí lábẹ́ àwòrán ara rẹ̀ nínú kàlẹ́ńdà tí o fi ránṣẹ́ sí mi. Ìdúró ni mo dúró kà á, nítorí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò ṣe é jókòó kà. Mo ti gbé kàlẹ́ńdà náà kọ́ sí ilé ìdáná, kí àwọn aáyán náà lè gbọ́.

Ṣé dáadáa ni o wà? Fọláhànmí ìyàwó mi ń kọ́? Ṣé wọn ò fi iṣẹ́ èbúté Onne pa ọ́? Èmi wà. Orúnkún ọ̀tún ń bá mi jà, ti òsì ń làjà.

Wahab dírẹ́bà gbé ẹja gbígbẹ àti lẹ́tà rẹ dé. Ẹja náà dára. Lẹ́tà náà ni mo ní ẹjọ́ bá rò.

O ní Ìtẹ́olúwa, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ti ya aláìgbọràn. O ní ó ń kúnlẹ̀ kí gbogbo àgbà, títí kan bàbá Ìkwere tí ń ṣọ́ géètì yín, ẹni tí ó máa ń sáré bá a wo ilẹ̀ pé, "Wetin fall?" Ṣùgbọ́n bí Ọ̀gbẹ́ni Akóredé, tí ń kọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ yín ní Yorùbá ní gbogbo Sátidé, bá ti yọ, ọmọ náà á dúró gbọnrangandan bí òpó iná. O ní ó dójú tì ọ́. Nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí àyè ti ń tán, o wá fi kún un pé ó tún ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sórí ẹní ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, àti pé ó ń fa irun ìpéǹpéjú ara rẹ̀ tu.

Mo pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, o mọ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀rọ̀ gidi sí etí ìwé, tó wá fi ìkúnlẹ̀ kún àárín ojú ewé, òdo ni mo máa ń fún un. Ìbéèrè mi nìyí: ọmọ tí ń kúnlẹ̀ fún onígéètì, kí ló dé tí orúnkún rẹ̀ fi ń kọ̀ fún ẹnìkan péré? Orúnkún ọmọdé kì í ṣe òṣèlú.

Bá mi kí ìyàwó mi.

Ìyá rẹ ni.


Rumuokwurushi, Port Harcourt,
Ọjọ́ kìíní, oṣù kẹta, ọdún 2009.

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo nà gbọọrọ kí yín. Inú mi dùn púpọ̀ láti gbọ́ pé ara yín le, àyàfi ti orúnkún, tí Olúwa yóò dá sí.

Màámi, pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀, ọ̀rọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Akóredé kò yé yín. Ènìyàn pàtàkì ni. Òun ni akọ̀wé àṣà ẹgbẹ́ wa. Ọkùnrin tí ń wọ agbádá lọ ra búrẹ́dì kò lè jẹ́ ènìyànkénìyàn. Òun ló ń ràn wá lọ́wọ́ kí àwọn ọmọ tí a bí síbí má baà di ọmọ tí kò mọ̀ ju "I dey, how far" lọ.

Mo ti ṣe ohun tó yẹ kí bàbá ṣe. Mo ní kí Ìtẹ́ kúnlẹ̀ ní pálọ̀, kí ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, títí yóò fi sọ ìdí tí kò fi ń kúnlẹ̀. Ó kúnlẹ̀ títí, kò sọ nǹkan kan. Pásítọ̀ wá gbàdúrà, ó ní ẹ̀mí odi ni.

Fọláhànmí ní ká gbé e lọ bá àwọn tó ń tọ́jú ọkàn ọmọdé ní ọsibítù ọpọlọ tó wà ní Rumuigbo. Màámi, ẹ ò gbé ìlú yìí, ẹ ò lè mọ̀. Bí ènìyàn méjì bá ń jà nínú ọkọ̀ níbí, ohun tí ọ̀kan máa sọ fún èkejì ni, "Dem never carry you go Rumuigbo?" Ó wá fẹ́ kí n fi mọ́tò ara mi gbé ọmọ ara mi lọ síbẹ̀? Lọ́dún tí wọ́n ń wò mí fún ipò igbákejì alága?

Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún kò pọ̀. Ẹ kọ lẹ́tà ìbáwí kan sí ọmọ náà. Ó bẹ̀rù yín jù mí lọ.

Ọmọ yín,
Akínfẹ́nwá.


Ìrágbìjí,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹta, ọdún 2009.

Akínfẹ́nwá,

Ẹ kú àníyàn níbẹ̀. O ní kí ọmọ kúnlẹ̀ títí yóò fi sọ ìdí tí kò fi ń kúnlẹ̀. Mo ka gbólóhùn yẹn sí etí Ìyá Memunat, aládùúgbò mi. Ó ní kí n tún un kà. Kì í ṣe pé kò gbọ́ o. Ó dùn mọ́ ọn ni.

N kò kọ lẹ́tà ìbáwí kankan. Gúgúrú àti ẹ̀pà ni mo fi rán Wahab sí i. Jọ̀ọ́, má ṣe jẹ ẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Gbọ́ ohun tí o máa ṣe. Lọ bá a nígbà tí kò sí ẹlòmíràn nítòsí. Má jókòó sórí àga. Jókòó sílẹ̀, kí ojú yín lè ṣe déédéé. Má bi í pé "kí ló dé". Ọmọdé tó bá gbọ́ "kí ló dé" lẹ́nu àgbà, ẹjọ́ ara rẹ̀ ló máa ń rò pé wọ́n ní kóun wá rò. Bi í pé, "Tí ẹ bá dé kíláàsì Sátidé, kí ni ẹ kọ́kọ́ máa ń ṣe? Lẹ́yìn ìyẹn ń kọ́?" Kí o wá pa ẹnu dé. Mo mọ̀ pé ìyẹn ló máa nira jù fún ọ. Bí ó bá fi Píjìn dá ọ lóhùn, Píjìn ni kí o gbọ́. Má tún un ṣe. Má pòwe fún un.

Títí tí o ó fi mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, kò gbọdọ̀ fẹsẹ̀ tẹ kíláàsì náà mọ́. Sọ fún wọn pé ó ní ibà. Irọ́ ni, mo mọ̀. Gbé e sí mi lọ́rùn, èmi náà yóò rí ohun tí n ó bá Ọlọ́run sọ.

Ìyá rẹ.


Ìrágbìjí,
Ọjọ́ karùn-ún, oṣù kẹrin, ọdún 2009.

Akínfẹ́nwá,

Ẹ ǹ lẹ́ níbẹ̀ o, ẹ̀yin tí kì í fèsì. Wahab ti dé, ó ti lọ, ó ti tún dé. Ẹja ló ń kó wá, kò kó lẹ́tà wá. Mo bi ẹja náà léèrè, kò mọ nǹkan kan.

Mo pè ọ́ lórí fóònù. O ní, "Màámi, ọmọ wà nítòsí, mo ń bọ̀ wá kọ̀wé." O gé e. Láti ìgbà náà ni mo ti ń sùn bí ológbò, etí kan lókè.

Gbé ọ̀rọ̀ ipò ẹgbẹ́ kúrò lọ́rùn ara rẹ kí o dá mi lóhùn: ṣé ọmọ náà ṣì ń lọ síbẹ̀?

Ìyá rẹ.


Rumuokwurushi, Port Harcourt,
Ogúnjọ́, oṣù kẹrin, ọdún 2009.

Ìyá mi,

Mo kí yín. Ẹ má bínú sí mi. Kò lọ síbẹ̀ mọ́.

Mo ṣe bí ẹ ti wí. Mo jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀. Ó wò mí bí ẹni pé mo já bọ́ ni. Mo bi í ní ìbéèrè yín. Ó ní, "Daddy, you no go vex?" Mo ní n kò ní bínú. "If I talk am for Pidgin nko?" Mo ní kó sọ ọ́ bó ṣe wà lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní, "Uncle Akóredé dey lock us for that room wey dem dey keep chairs. If you talk Pidgin, na there. E dark. E go say make you stay till Yoruba come. Daddy, Yoruba no dey come when I dey fear."

Màámi, ó ní bí ó bá ṣílẹ̀kùn tán, wọ́n gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó ṣí i. Ní Sátidé kan, ó gbàgbé Ìtẹ́ síbẹ̀. Wọ́n ti ń ti gbọ̀ngàn pa kí ẹnìkan tó gbọ́ igbe ọmọ láàárín àwọn àga.

Mo wakọ̀ lọ sílé Akóredé lọ́jọ́ tí ọmọ sọ ọ́, kò sí nílé, Ọlọ́run ló yọ ọ́. Lọ́jọ́ kejì ni alága kó àwọn àgbà ẹgbẹ́ wá sílé wa pẹ̀lú páálí málítì. Akóredé nà tán porogodo lórí kápẹ́ẹ̀tì mi, agbádá bò ó bí ẹni tí àwọ̀n mú. Gbogbo wọn ń wí pé, "Ẹ dákun, Bàbá Ìtẹ́, ẹ fiyè dénú." Olóyè Adébánjọ wo ojú mi, ó ní, "Akínfẹ́nwá, ẹni tí àgbà bẹ̀ tí kò gbà, kí ni a ń pè é nílé yín?" Mo ní mo gbà. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Wọ́n wá ní kí Ìtẹ́ jáde wá, kó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn àgbà tó fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn wá nítorí rẹ̀.

Ó kúnlẹ̀. Ó tọ̀ sára níbẹ̀.

Láti ọjọ́ náà kò bá mi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ti tán, Màámi. A ti yanjú rẹ̀ bí ọmọlúàbí.

Akínfẹ́nwá.


Ìrágbìjí,
Ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹrin, ọdún 2009.

Akínfẹ́nwá,

Ẹ kú àlejò. Ẹ kú málítì.

Jẹ́ kí n wò ó bóyá ó yé mi. Arúgbó ni mí. Ọmọ ni wọ́n tì mọ́ inú òkùnkùn. Ìwọ ni wọ́n dọ̀bálẹ̀ bẹ̀. Ìwọ ni o gbà. Ẹ̀yin lẹ mu málítì. Ọmọ tí wọ́n tì mọ́lé ló wá kúnlẹ̀ dúpẹ́. Kí ló dé tí ẹ ò kúkú ní kó fọ ife?

Àṣà ẹ̀bẹ̀ dára. Bí kì í bá ṣe tirẹ̀ ni, ilẹ̀ Yorùbá ìbá ti jó tán tipẹ́. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣẹ ará Ìkìrun, a kì í lọ bẹ ará Ẹdẹ kí a wá ní ó parí. Ọkùnrin yẹn máa ń ní kí ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ pé òun ṣílẹ̀kùn. Ìwọ náà ní kí ó kúnlẹ̀ dúpẹ́. Lójú ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èwo nínú yín ni bàbá, èwo ni tíṣà?

Ẹ lọ sí Rumuigbo. Ká ní apá ló ṣẹ́, ṣé o ó máa wá ọsibítù tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ kiri? Bí ojú bá ń tì ọ́, wọ awò dúdú, dé fìlà dé imú, pe ara rẹ ní orúkọ tó wù ọ́. Ṣùgbọ́n gbé ọmọ náà lọ. Ìyàwó mi ti sọ ọ́ láti oṣù kejì. O ò gbọ́ tirẹ̀, nítorí pé kò wọ agbádá.

Kí ẹ tó lọ, sọ fún ọmọ náà pé ohun tí o ṣe kò dára. Gbólóhùn kan. Má ṣàlàyé. Má dọ̀bálẹ̀ fún un o. Yóò rò pé ìwọ ni wọ́n fẹ́ gbé lọ.

Ìyá rẹ ni, mo ṣì fẹ́ràn rẹ, ó kàn ń nira lọ́sẹ̀ yìí ni.


Rumuokwurushi, Port Harcourt,
Ọjọ́ kẹjọ, oṣù kẹfà, ọdún 2009.

Màámi,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo sọ gbólóhùn náà. Ó ní, "Okay." Lẹ́yìn náà ó ní kí n máa fi iná kọ́rídọ̀ sílẹ̀ tí n bá ń lọ sùn.

A lọ sí Rumuigbo. Mo páàkì mọ́tò jìnnà, lọ́dọ̀ ọkùnrin kan tí ń lẹ táyà. Mo wọ awò dúdú bí ẹ ti wí, mo sì lọ kọlu òkítì táyà rẹ̀. Ó ní, "Oga, comot that glass. Rain dey fall, no be sun." Fọláhànmí rẹ́rìn-ín. Ìtẹ́ náà rẹ́rìn-ín. Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ kẹ́yìn.

A wọlé. Ọkùnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì, awò tirẹ̀ dúdú ju tèmi lọ. Olóyè Adébánjọ ni, pẹ̀lú Ayọ̀fẹ́mi ọmọ-ọmọ rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í dọ̀bálẹ̀, mo wá rántí pé kò sẹ́ni tó yẹ kó mọ ẹnìkan níbẹ̀, mo dúró sí ìdajì bí ẹni tí ẹ̀yìn ń dùn. Màámi, Yorùbá ní ìkíni fún ẹni tí ń dirun àti ẹni tí òjò pa. Kí ni a máa kí ara wa níbẹ̀? Bàbá ló yọ mí. Ó ní, "Ẹ kú ìjókòó o. A wá kí aláìsàn kan ni." Mo ní aláìsàn kan náà ni àwa náà wá kí. Ẹnu ibẹ̀ la wà tí nọ́ọ̀sì fi yọjú, "Adebanjo family, una welcome back!"

Ìtẹ́ sì ti lọ bá ọmọ náà. "Ayọ̀, so na here you dey? Since Christmas you no come class again."

Ọmọ náà wo bàbá àgbà rẹ̀. Ó ní, "Grandpa comot me. Him say make I no tell anybody."

Olóyè dìde, ó ní òun ń lọ wo mọ́tò.

Obìnrin tó gbà wá, ọmọ Kalabari ni, Madam Tamunotonye. Ó ní kí n jókòó sórí àga kékeré àwọn ọmọdé. Orúnkún mi kan àgbọ̀n mi. Òun àti Ìtẹ́ jókòó sórí ẹní, wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì ya ilé. Ilé tí Ìtẹ́ yà, fèrèsé ló kún un, kò ní ìlẹ̀kùn kankan. Lẹ́yìn náà Madam yíjú sí mi: "Daddy, your pikin no get bad spirit. Na fear she get, and the fear get correct reason. Who carry that fear come your parlour again?" Mo wo Fọláhànmí. Fọláhànmí wo àjà.

Ó ní kí a máa mú un wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi tipá mú un kúnlẹ̀. Kí ó máa fi ẹnu kí ènìyàn. Ó ní kí a má ṣe bi í bóyá ó ti dárí ji ẹnikẹ́ni nítorí àlejò. Ó ní kí a lọ sọ fún tíṣà rẹ̀ ní ilé ìwé, kí wọ́n má baà ti ìlẹ̀kùn kíláàsì nígbà tó bá wà nínú rẹ̀.

Akínfẹ́nwá.


Ìrágbìjí,
Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù kẹfà, ọdún 2009.

Akínfẹ́nwá ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó mi, mo kí ẹni tí ń lẹ táyà. Bá mi sọ fún Madam Tamunotonye pé mo ti fún un ní máàkì tó pé; n kì í fún ènìyàn.

Inú mi dùn tán, ó wá bàjẹ́. Olóyè yín mọ̀. Nígbà tí ó jókòó sí pálọ̀ rẹ, tí ń bi ọ́ pé kí ni a ń pe ẹni tí àgbà bẹ̀ tí kò gbà, ó ti mọ ohun tó wà nínú yàrá àga. Ó ti gbé tirẹ̀ sá. Ó wá bá ọ bẹ̀bẹ̀ kí tìrẹ lè padà síbẹ̀.

Má dárúkọ Ayọ̀fẹ́mi fún ẹnikẹ́ni. Ọmọ náà kò ṣẹ̀ wá, àìsàn rẹ̀ kì í sì í ṣe kùmọ̀ tí a ó máa fi lu bàbá àgbà rẹ̀. Ṣùgbọ́n dìde ní ìpàdé yín, kí o sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ tìrẹ. Àwọn ọmọ mìíràn ṣì wà níbẹ̀.

Ìyá rẹ.


Rumuokwurushi, Port Harcourt,
Ọjọ́ kẹtàlá, oṣù keje, ọdún 2009.

Màámi,

Ẹ kú òjò. Mo dìde. Mo sọ ọ́. N kò tíì sọ ọ́ dé ìdajì tí ẹnìkan fi nà sókè lẹ́yìn:

"Bàbá Ìtẹ́, ṣé wọ́n bẹ̀ yín àbí wọn ò bẹ̀ yín?"

"Wọ́n bẹ̀ mí."

"Ẹ gbà?"

"Mo gbà, ṣùgbọ́n..."

"Ẹ mu málítì?"

"Mo mu ún."

"Ọ̀rọ̀ ti kú nìyẹn! Tí a bá ti bẹ̀ ẹ́, kì í jí dìde mọ́. Àjíǹde kan ṣoṣo ni àwa mọ̀."

Gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Ẹlòmíràn ní, "You wan scatter union because of small pikin?" Mo wo Olóyè Adébánjọ. Ilẹ̀ ló ń wò. Wọ́n dìbò pé kí Akóredé máa bá iṣẹ́ lọ, wọ́n sì ní kí wọ́n ra fáànù tuntun sí kíláàsì náà. Ipò igbákejì alága ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Ó yà mí lẹ́nu pé mo jẹun sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Mo ti ń ṣí mọ́tò nígbà tí ìyá kan sáré tẹ̀ lé mi. Ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ibi tí ẹ gbé e lọ yẹn, ọjọ́ wo ni wọ́n ń gba ọmọ? Kì í ṣe tèmi o. Ọmọ aládùúgbò mi ni." Kò tíì lọ tán tí òmíràn dé. Tirẹ̀ náà, ọmọ aládùúgbò ni. Mo fún àwọn méjèèjì ní nọ́ńbà Madam Tamunotonye. Mo ní kí wọ́n bá mi kí àwọn aládùúgbò wọn, kí wọ́n sì sọ fún wọn pé kí wọ́n má rán ọmọ wọn lọ ní Sátidé.

Irun ìpéǹpéjú Ìtẹ́ ti ń hù. Ó ń sùn, iná kọ́rídọ̀ ń jó, bílì ń gorí bílì. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí pé "Grandma, the groundnut sweet." N kò tún un ṣe.

Akínfẹ́nwá.


Ìrágbìjí,
Ogúnjọ́, oṣù keje, ọdún 2009.

Sí Olóyè Adébánjọ,
Alága, Agbátẹrù Àṣà, Baba Ìsàlẹ̀ àti Baba Òkè Ẹgbẹ́ náà,
Port Harcourt.

Olóyè,

Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Ẹ kú ojúṣe. Ẹ kò mọ̀ mí. Ìyá Akínfẹ́nwá tó wà ní Rumuokwurushi ni mí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì. Wahab dírẹ́bà ni mo ní kó fi ìwé yìí lé yín lọ́wọ́, kì í ṣe ọwọ́ akọ̀wé yín. N kò ní ka ìwé yìí fún ẹnikẹ́ni, títí kan Ìyá Memunat, ẹni tí kò sí ohun tí n kì í kà fún un.

N kò bá tìjà wá. Bí mo bá wà nípò yín, tí ọmọ tó wù mí jù láyé wà nínú òkùnkùn yẹn, èmi náà á sáré lọ gbé e jáde. Ẹ ṣe dáadáa tí ẹ gbé e jáde. Ẹ tún ṣe dáadáa tí ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti tọ́jú rẹ̀; ọ̀pọ̀ àgbà ni kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, kódà pẹ̀lú awò dúdú. Nítorí náà, ìbéèrè mi kò ju ọ̀kan lọ, kò sì nílò kí a pe ìpàdé lé e lórí.

Ní ọjọ́ tí ẹ yọ ọmọ-ọmọ tiyín kúrò níbẹ̀, ta ni ẹ sọ fún?